Irin tó wà lójú títì: báwo la ṣe ń mọ ọjọ́ orí póòsìkáàdì Marina?

Ìbéèrè: Mo bá póòsìkáàdì kan nínú àpótí ìyá ìyá mi. Marina l'Ékòó ló wà lójú rẹ̀: igi létí omi, àwọn èèyàn tó ń rìn, irin méjì tó gba ojú títì kọjá. Sítáḿpù ẹ̀yìn rẹ̀ ní orí Ọba Edward, òǹtẹ̀ póòsì sì sọ pé 1909. Ṣé 1909 náà ni wọ́n ya fọ́tò yẹn?

Ìdáhùn: 1909 lẹnìkan fi í ránṣẹ́, ìyẹn nìkan ló dájú. Ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yàtọ̀, ọjọ́ tí wọ́n tẹ káàdì yàtọ̀, ọjọ́ tí wọ́n jù ú sí póòsì náà tún yàtọ̀. Fọ́tò tó bá ń tà, onífọ́tò kì í jẹ́ kó sinmi. Edmond Fortier ti Dakar, tí póòsìkáàdì rẹ̀ lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, a máa tún àwọn fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ tẹ̀ jáde. Nítorí náà, òǹtẹ̀ yín kàn sọ pé fọ́tò náà kò lè kéré sí 1909 lọ́jọ́ orí. Ó lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ìbéèrè: Kí ni yóò wá sọ bó ṣe lè dàgbà tó?

Ìdáhùn: Irin yẹn ni. Tírámù Èkó ló ni ín, ọkọ̀ onísítíìmù kékeré tó ń ti Ìddó bọ̀, tó ń gba orí afárá Carter wọ Erékùṣù títí dé ìhà kọ́sítọ́ọ̀mù ní Marina. 1902 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 1933 ló kógbá sílé pátápátá. Ẹ jẹ́ ká yọ̀ǹda ọdún kan fún àwọn tó ri irin mọ́lẹ̀: fọ́tò yín bọ́ sáàárín 1901 sí 1909.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé irin tírámù ni. Ẹ mú awò tó ń mú nǹkan tóbi, kí ẹ wá ẹni tó dúró sún mọ́ irin náà. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ ló wà láàárín irin méjèèjì, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 76, ìyẹn ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo fún àgbàlagbà. Ti rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn fẹ̀ jù ú lọ, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ ni.

Ìbéèrè: Sítáḿpù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó wúlò gan-an bí òǹtẹ̀ bá ti parẹ́. 1901 ni Edward jọba, 1910 ló kú. Bí orúkọ Lagos bá wà lára sítáḿpù, ó ti jáde kí wọ́n tó da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà lọ́dún 1906. Èyí tó bá kọ Nigeria nìkan, 1914 ló kéré tán.

Ìbéèrè: Wọ́n kun sánmà rẹ̀ láwọ̀ osùn, aṣọ àwọn obìnrin sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ṣé aṣọ ìgbà yẹn nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà á gbọ́. Dúdú àti funfun ni wọ́n ya fọ́tò náà, ilé ìtẹ̀wé ló kùn ún, ẹni tó kùn ún sì lè má tíì fojú kan Èkó rí láyé rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo tún ní òmíràn tí mọ́tò pọ̀ nínú rẹ̀, tí kò sì sí òǹtẹ̀ kankan.

Ìdáhùn: Ọwọ́ wo ni wọ́n ń gbà? Ọwọ́ òsì la ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ náà la ṣí sí ọwọ́ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ẹ ka bóòdù ṣọ́ọ̀bù kan kí ẹ tó yọ̀: bí lẹ́tà rẹ̀ bá yí sódì bíi ti inú dígí, ẹ̀yìn fíìmù ni wọ́n fi tẹ fọ́tò náà, òsì ti di ọ̀tún.

Ẹ wo Kàtídírà Christ tó wà ní Marina náà, bóyá ó ti parí nínú fọ́tò yín. 1925 ni ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, Prince of Wales, fi òkúta ìpìlẹ̀ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí lélẹ̀, 1946 ni wọ́n parí rẹ̀. Bí omi ọ̀sà bá ṣì ń fẹnu kan Marina, tí kò sí títì ńlá láàárín wọn, ẹ kò tíì kọjá àwọn ọdún 1970.

Ti mọ́tò fúnra rẹ̀, ẹ má gbára lé e púpọ̀. Ọdún tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ jáde kàn ń sọ ìgbà tí fọ́tò kò lè ṣáájú ni. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wá: Morris tí bàbá kan rà ní 1950 á ṣì máa gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní 1965.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá kọ sẹ́yìn káàdì tèmi?

Ìdáhùn: Ẹ má kọ nǹkan kan sí i lára. Ẹ fi í sínú àpòòwé, kí ẹ sì ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára àpòòwé náà: "Marina, Èkó. Fọ́tò: 1901 sí 1909. Póòsì: 1909." Bírò ni kẹ́ ẹ má lò, torí tadà rẹ̀ lè ràn mọ́ káàdì náà.