Ìwé Iye Owó Mẹ́ta: Ta Ló Sọ Pé Dandan Ni?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ra ọjà fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà: bí ìwé iye owó láti ọwọ́ àwọn ọlọ́jà ò bá pé mẹ́ta, fáìlì ọjà náà ò gbọdọ̀ kọjá. Ọ̀gá sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ di ọ̀gá, òun náà ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká yọ ọjà kéékèèké kúrò. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọjà tí kò ju $15,000 lọ kò nílò ìdíje bí iye rẹ̀ bá ti bójú mu (iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti àwọn iṣẹ́ kan ní ààlà tiwọn tó kéré sí i). Láti ibẹ̀ dé $350,000 ni wàhálà wà.

Ohun tí abala 13.104 nínú FAR, ìwé òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀, wí ni pé bí ẹ ò bá ní polówó ọjà náà lórí SAM.gov, ojúlé ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rò ó wò láti béèrè iye owó lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta, ó kéré tán. Àwọn tí ẹ bi ni òfin ń kà, kì í ṣe àwọn tó dáhùn. "Ẹ rò ó wò" náà ló sì wí, kò ní dandan ni.

Ká ní àga 60 lẹ fẹ́ rà ní $300 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ $18,000. Ẹ kọ̀wé sí ọlọ́jà márùn-ún, ẹyọ kan fèsì. Ohun tí fáìlì ń fẹ́ ni àlàyé pé iye náà bójú mu: "A bi márùn-ún, ọ̀kan dáhùn. $300 ló pè. $290 la ra irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. $310 ni iléeṣẹ́ mìíràn ń pè é lónìí." Ó parí. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lẹ bi látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó tún kọ ìdí tí kò fi sí ìdíje. Méjèèjì yìí ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀ bí ata.

Òfin iléeṣẹ́ kéékèèké, abala 19.502-2 nínú FAR, tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀: bí ẹ bá ya ọjà sọ́tọ̀ fún wọn, tí ẹyọ kan tó kún ojú òṣùwọ̀n bá wọlé, òun ni kí ẹ gbé e fún. Ẹ bá wa wá mẹ́ta nínú ìyẹn.

Ìwé iye owó kì í sì í ṣe àdéhùn. Ìwé tí ìjọba fi pàṣẹ ọjà ni ìpè sí àdéhùn. Ìgbà tí ọlọ́jà bá jẹ́ ẹ ni àdéhùn tó dúró. Bí ẹ ti ń retí ẹnì kẹta fún ọ̀sẹ̀ méjì, $300 lè di $330, ẹ ò sì rí i mú.

Èyí tó burú jù ni kí wọ́n ní kí ọlọ́jà àkọ́kọ́ bá àwọn "wá méjì sí i". Ìwé méjì á dé, àṣìkọ kan náà, nọ́ńbà fóònù kan náà, iye wọn á fi díẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Jìbìtì nìyẹn, àwọn olùṣàyẹ̀wò sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ó ṣeé ṣe kí iléeṣẹ́ yín ní ìlànà abẹ́lé tó le ju èyí lọ. Àwọn tó ń rajà lábẹ́ GSA Schedule, ìyẹn àdéhùn tí iléeṣẹ́ GSA ti bá àwọn ọlọ́jà ṣe sílẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, náà ní tiwọn nínú abala 8.405, níbi tí mẹ́ta ti wúwo díẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ni àṣìṣe yìí ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n sì ti ń tún FAR kọ láti 2025, nọ́ńbà abala lè ti yí padà. Kí ẹ tó dá fáìlì ẹnikẹ́ni padà, ẹ wo èyí tí iléeṣẹ́ yín ń lò lónìí.