Ẹni àádọ́ta ọdún náà lè ṣarán, ayé kọ́ ló ń ṣe é

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, bí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún bá béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, a ó ní ó ti ń ṣarán, a ó sì rọra dá a lóhùn. Àmọ́ bí obìnrin ẹni ọdún 52 tó ń tajà ní Tákíé bá wọn ánkárá yáàdì mẹ́fà, tó ká a, tó tún tú u, tó tún ń wọ̀n ọ́n fún oníbàárà kan náà, tó wá di pé ọ̀nà ilé dàrú mọ́ ọn lójú, orogún la ó kọ́kọ́ fura sí. A ó ní wọ́n ti ń ṣe é, ó di orí òkè àdúrà.

A gbà pé arúgbó nìkan ló ń ṣarán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí dókítà ará Jámánì nì, Alois Alzheimer, ti kọ́kọ́ rí àìsàn ìṣarán tí wọ́n wá fi orúkọ dókítà náà pè, ẹni ọdún 51 ni nígbà tó dé ilé ìwòsàn ní Frankfurt lọ́dún 1901. Wọ́n bi í pé kí lorúkọ ọkọ rẹ̀, ó ní Auguste. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ nìyẹn. Owú tó ń jẹ lórí ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Oríṣi ìṣarán kan wà tó jẹ́ pé apá iwájú orí ni ọpọlọ ti ń kú díẹ̀díẹ̀, àwọn tí kò tíì pé ọdún 65 ló sì sábà máa ń mú. Onítọ̀hún lè rántí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ kí ìwà rẹ̀ yí padà. Díákónì tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè á máa bú èèyàn ní gbangba, á máa náwó ní ìnákúnàá, ọmọ rẹ̀ á ṣàìsàn, kò ní mira. Ìyàwó á kẹ́rù. Ìwà kọ́ o, àìsàn ni.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, rọpárọsẹ̀ àti ọtí àmujù náà ń fa ìṣarán. Nínú ìdílé díẹ̀, òbí ló ń bí i mọ́ ọmọ, èyí kì í sì í ṣe ègún.

Ìdí tí mo fi ń pariwo pé ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn ni pé àwọn àìsàn kan jọ ọ́, tí wọ́n sì gbóògùn: àìtó fítámì B12, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó jinlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó dúró sábẹ́ agbárí lẹ́yìn tí èèyàn já bọ́ lórí ọ̀kadà. Oṣù mẹ́ta lórí òkè lè sọ èyí tí ì bá san di àbámọ̀. Èyí tí kò ní ìwòsàn pàápàá, ìtọ́jú ló fẹ́, kì í ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán.

Ilé ìwòsàn ńlá ti LAUTECH àti ti Bowen wà nínú ìlú yìí. Kí ẹni tó ń bá a gbé tẹ̀lé e lọ, torí aláìsàn lè ní kò sóhun tó ń ṣe òun. Ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, àti àgbo.