Àtúnṣe ọ̀dà dúdú tí nǹkan ti ha lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Àtúnṣe ọ̀dà dúdú tí nǹkan ti ha jẹ́ ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ara ọkọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní dítélíìnì. Ohun tí oníṣẹ́ ń ṣe ni pé yóò fi ẹ̀rọ, fóòmù tí a ń so mọ́ ojú ẹ̀rọ náà, àti pólíìṣì fá ìwọ̀n bíńtín kúrò lójú ọ̀dà náà, títí ojú rẹ̀ yóò fi bá ìdí ìlà tó wà níbẹ̀ dọ́gba, tí ìlà náà yóò sì pòórá. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ńṣe ni a fi nǹkan dí ojú ìlà náà, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni: a kò fi ohunkóhun kún ọ̀dà, a dín in kù ni. Nítorí bẹ́ẹ̀, iye ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ ni gbogbo ìpinnu inú iṣẹ́ yìí dá lé.

Bí ọ̀dà ọkọ̀ ṣe tò léra

Ọ̀dà ara ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ìpele kan ṣoṣo. Èyí tó fara kan irin ni ọ̀dà adènà-ìpẹtà, tí iná mànàmáná ń mú lẹ̀ mọ́ irin nígbà tí wọ́n bá ri ara ọkọ̀ bọ inú agbada ọ̀dà ní ilé iṣẹ́. Púráímà ló tẹ̀ lé e, ọ̀dà tó ní àwọ̀ tẹ̀ lé púráímà, kílíà tí kò ní àwọ̀ sì borí gbogbo wọn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára wọn, àpapọ̀ ìpele wọ̀nyí máa ń wà láàrin máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 150, máíkírọ́ọ̀nù kan sì jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà. Kílíà nìkan ń kó nǹkan bíi 35 sí 50 nínú rẹ̀, èyí tí kì í sábà nípọn tó irun orí ènìyàn kan. Inú kílíà yìí náà ni èròjà tí kì í jẹ́ kí oòrùn ba àwọ̀ jẹ́ wà, nítorí náà ọkọ̀ tí wọ́n bá fá kílíà rẹ̀ ní àfájù lè máa dán lónìí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá tàbí kí ó máa bó lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kò ní kílíà. Láti ọdún 1914 títí di 1925, dúdú nìkan ni Ford ń kun ọkọ̀ Model T, ọ̀dà dúdú náà fúnra rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti oòrùn sì ń bá pàdé. Ẹ̀yìn ọdún 1980 ni kílíà tó di ohun tó wọ́pọ̀ káàkiri àgbáyé. Oníṣẹ́ tó bá gba ọkọ̀ tó ti pẹ́ yóò kọ́kọ́ fi aṣọ funfun àti pólíìṣì díẹ̀ nu ibi tó fara sin. Bí aṣọ náà bá di dúdú, ọ̀dà aláwọ̀ gan-an ni ó ń fá, ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ lẹ́rọ̀.

Ìdí tí ìlà fi ń hàn lára dúdú

Ohun tí àbàwọ́n jẹ́ sí aṣọ funfun ni ìlà jẹ́ sí ọ̀dà dúdú. Ọ̀dà dúdú tí kò lábùkù máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ mì, ìwọ̀nba tí ojú kílíà bá sì dá padà ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti dígí, ìyẹn ló fi ń dán bí kóró iṣin. Bí ìlà bá ti wà níbẹ̀, etí ìlà náà yóò tú ìmọ́lẹ̀ ká, yóò sì hàn ní funfun lórí dúdú. Irú ìlà kan náà lè wà lára ọkọ̀ funfun tàbí aláwọ̀ fàdákà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ wọn ń dá padà pọ̀ tó láti bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń yí àwòrán oòrùn ká lójú ọ̀dà bí òwú aláǹtakùn kì í ṣe róbótó bí wọ́n ṣe rí lójú. Ìlà gbọọrọ kéékèèké ni wọ́n, wọ́n sì dojú kọ ọ̀nà gbogbo; àwọn tó bá dábùú ipa ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń dá a padà sí ojú ẹni tó ń wò wọ́n, ni wọ́n fi dà bíi pé wọ́n pa agbo. Bí ẹni náà bá ṣí kúrò níbi tó dúró sí, agbo náà yóò bá a lọ. Fífọ ọkọ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: kànìnkànìn tó ti kó iyanrìn, búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀rọ ìfọkọ̀, àti, èyí tó burú jù lọ, nínu eruku gbígbẹ kúrò láìlo omi.

Àyẹ̀wò àti ìmúrasílẹ̀

A kì í gbé ẹ̀rọ lé ọ̀dà tó dọ̀tí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára ṣan ọkọ̀ náà, wọ́n á wá fi garawa méjì fọ̀ ọ́, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan aṣọ ìfọkọ̀ kí ó tó padà sínú ọṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi òògùn yọ kóòlútà, wọ́n á sì fi òmíràn yọ èérún irin tí bíréèkì ń tú jáde, èyí tí ó máa ń di aláwọ̀ àlùkò bí òògùn náà bá ti ń yọ́ ọ. Ìdọ̀tí tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà ni wọ́n ń fi amọ̀ ìtọ́jú ọkọ̀ fà yọ, pẹ̀lú omi tàbí òróró tí yóò jẹ́ kí amọ̀ náà máa yọ̀. Amọ̀ yìí gan-an máa ń fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lára dúdú, ìdí nìyẹn tí a kì í fi lò ó bí pólíìṣì kò bá ní tẹ̀ lé e.

Ìgbà náà ni àyẹ̀wò kàn. Oníṣẹ́ yóò fi ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀dà wọn abala kọ̀ọ̀kan: ibi tí ó bá kéré ju àwọn tó kù lọ lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti fá rí, ibi tí ó bá sì pọ̀ gan-an sábà máa ń jẹ́ ibi tí wọ́n ti tún kùn. Iná tó mọ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń wo ìlà, nítorí pé ibòòji ń fi púpọ̀ pamọ́. Wọ́n tún máa ń fi èékánná wọ́ ìlà kọjá. Bí èékánná bá kọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kí ìlà náà ti jìn ju ohun tí pólíìṣì lè mú kúrò láìléwu.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ

Wọ́n á fi téèpù bo rọ́bà, etí iná àti igun mímú, nítorí pé orí igun ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù lọ, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ sì ti máa ń jó o kíákíá. Abala kékeré kan ni wọ́n fi ń dánwò, pẹ̀lú fóòmù rírọ̀ àti pólíìṣì fẹ́ẹ́rẹ́; bí ìyẹn kò bá mú un ni wọ́n ń lọ sí kọ́ḿpáùǹdù, ìyẹn pólíìṣì tó le díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó le jù ti ná ohun tí kò lè rí gbà padà.

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó ń yí lójú kan máa ń gé ọ̀dà kíákíá, ó sì ń gbóná kíákíá. Bí ọwọ́ oníṣẹ́ kò bá dúró dáadáa, yóò fi òjìji bí ìgbì sílẹ̀, èyí tí lára dúdú kò ṣeé fi pamọ́ bí oòrùn bá là. Èkejì máa ń yí, ó sì tún ń mì kiri lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó mú kí ooru rẹ̀ dínkù, kí ó sì ṣòro fún un láti dá ìlà tuntun sílẹ̀. Òun ni ó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fọwọ́ kàn ṣáájú. Nínú èyíkéyìí tí a bá lò, ẹ̀rọ náà a máa lọ díẹ̀díẹ̀, ipa kọ̀ọ̀kan á borí ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀, wọn kì í sì ṣe é nínú oòrùn lórí irin tó gbóná. Kọ́ḿpáùǹdù tó gé ìlà jíjìn máa ń fi kùrukùru sílẹ̀ lójú dúdú, pólíìṣì kíkúnná pẹ̀lú fóòmù rírọ̀ ni yóò sì mú un kúrò.

Ibi tí ẹ̀tàn ti ń wọlé nìyí. Ọ̀pọ̀ pólíìṣì ló ní òróró nínú, àwọn kan tilẹ̀ wà tí a ṣe láti dí ojú ìlà nìkan. Ọkọ̀ náà yóò dán bí ó ti kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́, ìlà rẹ̀ yóò sì padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ bíi mélòó kan. Nítorí èyí, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ a máa fi ọtí isopropyl tí a ti pò mọ́ omi nu òróró náà kúrò, kí ó tó tún gbé iná sí i láti wo ohun tó ṣẹ́kù.

Fún ìlà tó jìn díẹ̀, wọ́n lè fi sáńpépà kíkúnná, tí nọ́ńbà ara rẹ̀ wà láti 1,500 sí 3,000, fá ojú rẹ̀ pẹ̀lú omi kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e. Èyí tó bá ti kan ọ̀dà aláwọ̀ tàbí púráímà kò ṣeé yọ mọ́: ọ̀dà tuntun ni a ń tọ́ sí i, tàbí kí a kun gbogbo abala náà.

Ààbò lẹ́yìn iṣẹ́

Ọ̀dà tí a ti fá nílò ìbora. Ìda carnauba, tí a ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní àríwá-ìlà-oòrùn Brazil, ń mú dúdú jìn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ bíi ti ìbora seramíìkì tí silica wà nínú rẹ̀. Seramíìkì ń jẹ́ kí omi àti ìdọ̀tí yọ̀ kúrò, kò sì lè dènà kọ́kọ́rọ́ tàbí iyanrìn bí àwọn olùtajà kan ṣe ń sọ. Ní ọdún 2005, Nissan kéde kílíà tó lè pa ojú ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ dé fúnra rẹ̀. Fún ọ̀dà dúdú yòókù, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ̀ ọ́ ló ń pinnu bí iṣẹ́ náà yóò ṣe pẹ́ tó: ọṣẹ púpọ̀, aṣọ máíkírófáíbà rírọ̀, àti gbígbẹ omi láìfi agbára tẹ̀ ẹ́, bí aṣọ náà bá sì já bọ́ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ kan ọ̀dà mọ́ àfi bí wọ́n bá tún un fọ̀.