Update Wo Ló Yẹ Kí Dátà Yín Bá Lọ?

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé wá fún mi tún ṣe ni wọ́n ti pa Windows Update rẹ̀ pátápátá, ìyẹn ètò tó ń gba àtúnṣe Windows láti ọ̀dọ̀ Microsoft, torí dátà. Mi ò bá wọn jà. Dátà ti gbówó lórí. Àmọ́ ẹni tó bá pa gbogbo update ti kó èyí tó ń ṣọ́ ilé pọ̀ mọ́ èyí tó kàn ń kun ilé lọ́dà.

Ti ààbò ni kẹ́ ẹ má fi ṣeré. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń gbé e jáde. Ẹ wo ọdún 2017: lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta, wọ́n gbé èyí tó dí ihò kan nínú Windows jáde. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn gan-an wọlé, ó ń ti fáìlì onífáìlì pa, ó ń béèrè owó kó tó ṣí i. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó kàgbákò rẹ̀. Ẹni tó ti gba update oṣù kẹta, ihò yẹn ti dí lọ́dọ̀ tiẹ̀.

Nínú Settings, "Cumulative Update" tàbí "Security Update" ló máa ń jẹ́. Ti oṣù yìí ti kó ti àwọn oṣù tó ṣáájú mọ́ra, nítorí náà, bí dátà kò bá sí lóṣù tó kọjá, ẹ má wulẹ̀ wá èyí tẹ́ ẹ fò. Ẹ gba tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Chrome, Edge tàbí Firefox tẹ́ ẹ fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ ni ohun àjèjì ti ń wọlé jù. Ẹ sáà rántí pé ó dìgbà tẹ́ ẹ bá pa Chrome tẹ́ ẹ tún un ṣí kí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣí ogójì táàbù sílẹ̀ látọ̀sẹ̀ dọ́sẹ̀, ẹ gbọ́ o.

Èyí tó bá ní "Preview" lórúkọ, ẹ fò ó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì máa bá ti oṣù tó ń bọ̀ wá, lẹ́yìn táwọn ẹlòmíì bá ti bá yín dán an wò. Driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà ẹ̀rọ, tó wà lábẹ́ "Optional updates" ńkọ́? Bí ohùn bá ń jáde, tí printer ń tẹ̀wé, tí Wi-Fi ń mú, kí lẹ tún ń wá? Odindi version tuntun ti Windows, ẹ fún un ní oṣù kan tàbí méjì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Microsoft ní láti dá ọ̀kan lára ti Windows 10 dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí ó ń pa fáìlì àwọn kan rẹ́.

Ti BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí iná bá lọ nígbà tó ń wọlé lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà náà lè má tàn mọ́. Àyàfi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ bá sọ pé ó dí ihò ààbò, tàbí pé ó ń wo àìsàn tó ń ṣe tiyín, ẹ fi sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì máa ṣe é, kí bátìrì kún, kí chájà wà lára rẹ̀.

Ní ọ́fíìsì tí kọ̀ǹpútà bíi mẹ́wàá wà, ẹ wá "Delivery Optimization" nínú Windows Update, kẹ́ ẹ gba "Devices on my local network" láàyè. Èyí tí ẹ̀rọ kan bá ti gbà, àwọn yòókù lè mú púpọ̀ nínú rẹ̀ lára tọ̀hún láìtún fi dátà wá a.