Etí òrùlé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Etí òrùlé ni apá òrùlé tó yọ kọjá ògiri, tó nà síta. Ó ń gba ògiri lọ́wọ́ òjò, ó sì ń ta ìbòòji sí ojú fèrèsé. Omi tó ń ti ibẹ̀ ṣàn bọ́ sílẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fa etí òrùlé gùn, tí wọ́n fi òpó gbé e ró, abẹ́ rẹ̀ di ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ohun tí wọ́n fi ń mọ ògiri ló ń sọ bí etí òrùlé yóò ti gùn tó. Nígbà tí ògiri jẹ́ amọ̀, etí òrùlé nà dáadáa. Bí sìmẹ́ńtì ṣe ń gbilẹ̀ ni ó ń kúrú, títí ó fi kúrò pátápátá lára àwọn ilé tuntun kan.

Ilé amọ̀ àti ewé gbòdògì

Ògiri amọ̀ le koko bí ó bá gbẹ, ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé amọ̀ tí òrùlé rẹ̀ bá ti ṣí kì í pẹ́ di òkìtì. “Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un,” bí àwọn àgbà ti wí. Etí òrùlé sì ni onílé fi ń kọ̀ fún un, nítorí ó ń lé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri.

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn bí Ọ̀yọ́, koríko bẹ́rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo ilé. Ilẹ̀ igbó ni Ìjẹ̀bú, nítorí náà ewé gbòdògì àti imọ̀ ọ̀pẹ ló wà ní àrọ́wọ́tó, ọparun àti igi sì ni ẹkẹ́. Òrùlé eléwé gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ gidigidi kí omi má baà dúró lórí rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí etí rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ga fi ní láti tẹrí ba kó tó wọlé. Abẹ́ etí yìí ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni wọ́n ń to igi ìdáná sí kó má baà tutù, ibẹ̀ náà ni àlejò ń jókòó sí kí wọ́n tó pè é wọlé. Alápàńdẹ̀dẹ̀, ẹyẹ tí ẹsẹ Ifá ròyìn pé ilé rẹ̀ kò kan ilẹ̀, kò sì kan omi, fẹ́ràn irú ibẹ̀ láti fi amọ̀ mọ ìtẹ́ rẹ̀.

Etí òrùlé inú ilé tún wà. Nínú agbo ilé ńlá àti ààfin, wọ́n máa ń kọ́ yàrá yí àgbàlá ká, kí òrùlé ọ̀tún, ti òsì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lè da omi sí àárín kan náà. Àgbàlá yìí ni akòdì. Ìkòkò máa ń wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ fún omi òjò, ojú àgbàrá sì ń gbé ìyókù jáde gba abẹ́ ògiri. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, ó ṣì hàn nínú àwókù Pompeii tí òkè ayọnáyèéfín bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Àwọn Jóólà ní Casamance, ní Sẹ̀nẹ̀gà, náà ń kọ́ ọ, tiwọn sì rí róbótó. Kò sí ìdí láti rò pé ọ̀kan wo ti èkejì: òjò àti oòrùn ló kọ́ gbogbo wọn. Kọ̀bì, òrùlé gíga tó yọ síwájú ilé, yàtọ̀ sí èyí. Àmì ipò ni, ọba àti ìjòyè ńlá ló ni ín.

Ewu iná ni òrùlé eléwé ní. Níbi tí ilé bá ti fún pọ̀, tí etí òrùlé ilé kan ń kan ti èkejì, iná ń fò láti orí kan sí èkejì.

Etí òrùlé ní àwọn ilẹ̀ mìíràn

Kò sí ibi tí wọ́n ti ka etí òrùlé sí tó ilẹ̀ Ṣáínà àti Jàpáánù. Igi ni òpó ilé wọn, igi sì ń jẹrà bí omi bá ń dé ibẹ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ṣáínà wá to igi kéékèèké lé ara wọn ní orí òpó, wọ́n kì í kàn án níṣòó, kí wọ́n lè máa gbé òrùlé síta díẹ̀díẹ̀. Gbọ̀ngàn Ìlà-Oòrùn ní tẹ́ńpìlì Foguang, ní agbègbè Shanxi, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 857, ṣì dúró. Etí òrùlé rẹ̀ yọ tó bí mítà 4, ìtòpọ̀ igi tó gbé e ró sì ga tó ìdajì òpó tó wà lábẹ́ rẹ̀. Liang Sicheng àti Lin Huiyin, tọkọtaya ayàwòrán ilé, ló ṣe àwárí ọjọ́ orí ilé náà ní ọdún 1937.

Ní Róòmù, etí òrùlé di ọ̀rọ̀ òfin. Omi tó bọ́ láti orí ilé ẹnì kan sí ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ nínú òfin, stillicidium, ẹnì kan sì lè ní ẹ̀tọ́ pé kí omi òrùlé òun máa bọ́ sí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti rí ìjà ààlà ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ẹnì kan ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíràn, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.

Ní Yúróòpù ìgbà àárín, ilé òkè fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ síta lórí òpópónà, kí wọ́n lè rí àyè sí i. Lẹ́yìn iná ńlá Lọ́ńdọ̀nù ní 1666, òfin ọdún 1667 pàṣẹ pé bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n fi kọ́ ilé níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, irin ni ayàwòrán ilé Frank Lloyd Wright fi gbé etí òrùlé ilé kan tí wọ́n ń pè ní Robie House ní Chicago (1909 sí 1910) yọ tó bí mítà 6 kọjá ohun tó gbé e ró kẹ́yìn.

Páànù dé

Henry Robinson Palmer, ẹnjiníà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, gba ìwé àṣẹ páànù onígun-ún-gùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1829. Kó tó parí ọ̀rúndún náà, páànù ti wọ́pọ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ẹrù Èkó láti gba orí ọ̀sà, èbúté Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́, wọ ìlú. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tẹ̀ lé e, pẹ̀lú bákónì àti ọnà ara ògiri tí àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé mú gbajúmọ̀ ní Èkó.

Páànù kò nílò kó dà gẹ̀rẹ̀ tó ewé. Etí òrùlé gòkè, ojú ọ̀nà ga, kò sí pé à ń tẹrí ba mọ́. Amọ̀ ṣì ni ọ̀pọ̀ ògiri wọn, wọ́n kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú rẹ̀ ni, nítorí náà etí òrùlé kò tíì lè kúrú.

Páànù sì ní àmì tirẹ̀ tó ń fi sílẹ̀. Ní ẹsẹ̀ ilé àtijọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìpẹru, ihò kéékèèké tò lórí ilẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n jìnnà síra ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kòtò páànù ṣe jìnnà síra, nítorí inú kòtò ni omi ń gbà bọ́. Erùpẹ̀ ti lọ nínú ihò náà, ó ku òkúta wẹ́ẹ́rẹ́. Ẹrẹ̀ pupa tó ń ta láti ibẹ̀ máa ń dé nǹkan bí orúnkún lára ògiri, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ onílé fi ń kun ẹsẹ̀ ògiri ní ọ̀dà dúdú.

Oòrùn, òjò àti ìjì

Ìjẹ̀bú-Òde wà ní nǹkan bí digírì 6.8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí èyí, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà ní oṣù kẹfà, apá gúúsù ni ní oṣù kejìlá. Etí òrùlé tó yọ sẹ̀ǹtímítà 60 yóò ta ìbòòji tó tó mítà 2 sí ògiri àríwá ní ọ̀sán gangan ọjọ́ 21 oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, ti ògiri gúúsù kò ju nǹkan bí mítà 1 lọ. Ògiri ìwọ̀-oòrùn ni kò rí olùgbèjà: nígbà tó bá ku díẹ̀ kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù, oòrùn ti rẹlẹ̀ débi pé ìbòòji etí òrùlé kan náà kò ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ, kò sì dé ojú fèrèsé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí igi ni ìwọ̀-oòrùn ń fẹ́.

Òjò tó bá rọ̀ ṣánṣán kò lè fọwọ́ kan ògiri. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ wá ní ìdagẹ̀rẹ̀ digírì 45, sẹ̀ǹtímítà 60 etí òrùlé kì í gba ju sẹ̀ǹtímítà 60 òkè ògiri là.

Fífa etí òrùlé gùn náà ní ewu tirẹ̀. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò, ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, máa ń ti abẹ́ etí wọlé, á sì gbé páànù sókè bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Kápẹ́ńtà tó mọṣẹ́ a máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ de igi òrùlé mọ́ ògiri, á sì kan ìṣó ní etí ju àárín lọ.

Etí òrùlé tó sá pamọ́

Iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà ní Ṣágámù láti ìparí àwọn ọdún 1970, búlọ́ọ̀kù sì ti gba ipò amọ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù kì í yọ́ bí òjò bá nà án, ìyẹn ló fún ayàwòrán ilé láyè láti gé etí òrùlé kúrú. Lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, párápẹ́ẹ̀tì ló gbòde: wọ́n á gbé ògiri ga kọjá òrùlé yíká, kí páànù má baà hàn láti ìta. Ojú ilé á dán, á sì dúró bí àpótí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé omi tí ìbá bọ́ síta di ohun tí wọ́n ń fi gọ́tà kọ́ńkéré gbà sínú. Bí ewé bá di gọ́tà yìí, omi á kún, á gba orí síìlì wọ yàrá. Ara ògiri ìta, tí kò ní ohun tó bò ó mọ́, kì í pẹ́ ní ìlà dúdú àti ewéko tútù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Onílé kì í sábà wó párápẹ́ẹ̀tì nítorí èyí. Wọ́n á da kọ́ńkéré pẹlẹbẹ lé orí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì so àtíbàbà páànù mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí àdògán, agolo omi àti aṣọ tí wọ́n sá ń gbé.