Ẹni tí kò sí nínú ìwé méjèèjì á wọlé: bí libwrap ṣe ń ṣọ́ ẹnubodè ètò C

Ní nǹkan bí ọdún 1990, ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Eindhoven ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ẹnì kan ń yọ́ wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ náà láti orí nẹ́tíwọ̀kì. Bí ó bá ti gba agbára alákòóso, á pa gbogbo fáìlì orí ẹ̀rọ náà rẹ́, àkọsílẹ̀ tó lè tú àṣírí rẹ̀ á sì bá wọn lọ. Ohun tí Wietse Venema, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fẹ́ mọ̀ ṣáájú ohunkóhun ni ibi tí àlejò yìí ti ń wá. Ó kọ ètò kékeré kan tó ń jẹ́ tcpd. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní níbẹ̀rẹ̀: kí ó kọ orúkọ àlejò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tó kọ́ ọ bí a ti ń dá àlejò padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tí ó fi ètò náà sí ni ọgbọ́n wà. Lórí Unix (ètò tó ń darí ẹ̀rọ) ìgbà náà, ètò kan tó ń jẹ́ inetd ló ń tẹ́tí sí àwọn port, ìyẹn àwọn ìlẹ̀kùn onínọ́ńbà tí àlejò ń gbà wọlé láti orí nẹ́tíwọ̀kì. Bí ẹnì kan bá kan ìlẹ̀kùn telnet, ọ̀nà tí a fi ń lo ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn, inetd á jí daemon telnet (ètò tó ń dá àlejò irú èyí lóhùn) dìde, á sì fa àlejò lé e lọ́wọ́. Venema kàn yí ibì kan padà nínú fáìlì tí inetd ń kà:

telnet stream tcp nowait root /usr/sbin/tcpd in.telnetd

inetd ò mọ̀ pé daemon telnet kọ́ lòun jí. tcpd á wo àlejò, á kọ ọ́ sílẹ̀, á yẹ òfin wò. Bí òfin bá gbà á láyè, tcpd á pe exec, daemon gidi á sì gba ipò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, tcpd ò sí láàárín wọn mọ́, kò sì dá iṣẹ́ kankan dúró. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìlà kan nínú kóòdù telnet. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta Unix nígbà náà kì í fún oníbàárà ní kóòdù ohun tó rà.

Ṣùgbọ́n daemon mìíràn wà tó ń dá dúró, tó ń pe accept, iṣẹ́ tó ń gba àlejò wọlé, fúnra rẹ̀, tí kì í gba ọ̀dọ̀ inetd kọjá. Nítorí irú wọn ni ìdájọ́ kan náà fi wà nínú láíbírì (àkójọ kóòdù) tí ètò C èyíkéyìí lè pè, libwrap. tcpd àti libwrap ni wọ́n jọ ń jẹ́ TCP Wrappers. Kóòdù tó gbà kò pọ̀. Ká ní daemon wa ń jẹ́ ilekun, tí fd sì jẹ́ socket (ojú ọ̀nà tí a fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀) tí accept ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà:

#include <syslog.h>
#include <unistd.h>
#include <tcpd.h>

int allow_severity = LOG_INFO;
int deny_severity = LOG_WARNING;

struct request_info req;

request_init(&req, RQ_DAEMON, "ilekun", RQ_FILE, fd, 0);
fromhost(&req);
if (!hosts_access(&req)) {
    close(fd);
}

Ìlà méjì tí orúkọ wọn parí sí severity kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Láíbírì náà ń retí kí ètò fúnra rẹ̀ polongo wọn. Bí a bá ń kọ́ ètò náà pọ̀, a ó fi -lwrap sí i. request_init ń gba iye tó bá wù wá ní méjì-méjì, orúkọ ohun àti ohun náà, òdo tó wà ní ìparí ló sì ń sọ fún un pé ó tó. Ẹni tó bá gbàgbé òdo yẹn, compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe) kò ní í bá a wí. Ètò náà á kàn máa ka ohun tí kò mọ̀ nínú memory lọ ni. fromhost á bi socket léèrè àdírẹ́sì ẹni tó wà lódìkejì. hosts_access ló ń dájọ́: bí ó bá dá òdo padà, kí a ti ìlẹ̀kùn.

Ìwé òfin méjì ni hosts_access ń kà: /etc/hosts.allow àti /etc/hosts.deny. Allow ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Bí ó bá rí ìlà tó bá orúkọ daemon àti àlejò mu níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, àlejò wọlé. Bí kò bá rí i, á ṣí deny. Ìlà tó bá mu níbẹ̀ á dá àlejò padà. Bí kò bá rí i nínú deny náà ńkọ́? Àlejò á wọlé. Oníbodè tí wọn kò dárúkọ àjèjì fún á ṣílẹ̀kùn fún un. Bí fáìlì kan kò bá sí rárá, bí òfìfo ló ṣe ń kà á, tí méjèèjì kò bá sì sí, gbogbo ayé ló lè wọlé. Ẹni tó kọ orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú allow, tó wá fi deny sílẹ̀ lófìfo, kò tíì ti ìlẹ̀kùn kankan. Ìlà kan ṣoṣo yìí nínú deny ló ń jẹ́ kí allow nítumọ̀:

ALL: ALL

Gbogbo daemon ló ṣáájú, gbogbo àlejò ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá kọ ẹni tí a fẹ́ sínú allow:

ilekun: 192.168.10.
in.ftpd: .example.edu EXCEPT lab3.example.edu

EXCEPT túmọ̀ sí “àyàfi”. Ẹ wo àmì tótó-kékeré (dot) yẹn dáadáa. Èyí tó wà ní ìparí 192.168.10. túmọ̀ sí gbogbo àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, láíbírì á máa wá ẹ̀rọ tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ 192.168.10 géérégé, kò sì sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣáájú .example.edu túmọ̀ sí gbogbo ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ parí bẹ́ẹ̀. Ìkẹkùn mìíràn wà tí ojú kì í tètè rí: bí a kò bá tẹ Enter lẹ́yìn ìlà tó kẹ́yìn nínú fáìlì, láíbírì á ráhùn sínú syslog (ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ) pé newline kò sí, á sì fo ìlà náà dànù. Bí ALL: ALL bá wá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo tó wà nínú deny, tí kò ní newline, ẹnubodè ṣí sílẹ̀ gbayawu nìyẹn.

Gbogbo ìgbà tí àlejò bá dé ni wọ́n ń ka àwọn fáìlì náà lákọ̀tun. Ìdí nìyí tí kò fi sí pé à ń tún daemon gbé dìde lẹ́yìn tí a bá yí òfin padà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló le jù. Bí òfin bá jẹ́ ti àdírẹ́sì nìkan, ìdájọ́ náà kò nílò DNS, ìwé tó ń so orúkọ ẹ̀rọ mọ́ àdírẹ́sì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti orúkọ, láíbírì á bi DNS pé kí ni orúkọ ẹni tó ni àdírẹ́sì yìí. Ìdáhùn yẹn kò ṣeé gbára lé, nítorí pé ẹni tó ni àdírẹ́sì ló ń kọ orúkọ tó bá wù ú sí i. Ọ̀tá lè pe ẹ̀rọ rẹ̀ ní orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ. Nítorí náà libwrap á bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, láti apá kejì: orúkọ yìí, àdírẹ́sì wo ló ní? Bí àdírẹ́sì tó ń kanlẹ̀kùn kò bá sí nínú ìdáhùn, láíbírì á sọ orúkọ náà nù, á sì ka àlejò sí PARANOID, tí òfin lè dárúkọ láti fi lé e. Síbẹ̀, níbi tí àdírẹ́sì bá ti ṣeé lò, òun ló dára jù láti lò.

Ẹ má gbàgbé pé inú ilé ni oníbodè yìí dúró sí. Kí hosts_access tó sọ̀rọ̀, accept ti ṣẹlẹ̀, TCP (ìlànà tí ẹ̀rọ méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) ti bọwọ́ tán. Àlejò tí a lé ti mọ̀ pé ènìyàn wà nílé. Firewall, odi ààbò nẹ́tíwọ̀kì, ló ń dá a dúró kó tó débẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi libwrap rọ́pò rẹ̀. Oníbodè fúnra rẹ̀ sì lè di ọ̀nà tí olè ń gbà: ní oṣù January 1999, ẹnì kan yí kóòdù TCP Wrappers 7.6 padà lórí ojúlé tí ayé ti ń gbà á ní Eindhoven, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọlé láti port 421 á bá ara rẹ̀ nípò root, ìyẹn alákòóso.

Lónìí, àwọn daemon tó ń lò ó ti dínkù. OpenSSH, tí daemon rẹ̀ tó ń gba àlejò láti ọ̀nà jíjìn ń jẹ́ sshd, yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀dà 6.7 ní ọdún 2014, Red Hat Enterprise Linux 8 náà kò gbé e wá mọ́. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, hosts.deny lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú ALL: ALL rẹ̀, kí sshd má sì ṣí i wò láéláé. Kí a tó gbọ́kàn lé e, ẹ jẹ́ kí a bi ètò náà fúnra rẹ̀ (ldd ń to orúkọ àwọn láíbírì tí ètò ń lò, grep ń wá libwrap láàárín wọn):

ldd /usr/sbin/sshd | grep libwrap

Bí kò bá fèsì, a jẹ́ pé sshd náà kò bá libwrap tan, firewall ni kí a lọ kọ òfin yẹn sí.