Kóńgò tí wọ́n fi ń wọn géèmù fídíò

Nígbà tí magasíìnì Zzap!64 bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985, géèmù kan kì í gba máàkì ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n á wo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, wọ́n á wo àwòrán rẹ̀, wọ́n á gbọ́ orin àti ariwo inú rẹ̀. Wọ́n á tún wò ó bóyá ó ń tètè wọ ènìyàn lára, bóyá kì í yá sú ni, àti bóyá ó tó owó tí wọ́n ń tà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀ lórí 100, ti gbogbogbòò á wá gbẹ̀yìn. Èrò ẹni mẹ́ta sì máa ń wà lórí géèmù kan náà, wọ́n sì lè má fohùn ṣọ̀kan. Ní Japan, magasíìnì Famitsu tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 gba ọ̀nà mìíràn: ẹni mẹ́rin ni, máàkì 10 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì rò ó pọ̀. Ó di 1998 kí géèmù kan tó gba 40 pé. The Legend of Zelda: Ocarina of Time ni.

Irú ìwọ̀n yìí bá ọjà ìgbà náà mu. Ẹni tó bá ra káséètì tàbí katiríìjì délé, bó ṣe bá a nínú páálí ni yóò ṣe wà títí ayé, torí kò sí àtúnṣe kankan tí yóò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Nítorí náà, ìmọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ náwó ni àyẹ̀wò jẹ́. Níbi tó ti ń yingin ni pé ìwé gbọ́dọ̀ dé ilé ìtẹ̀wé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú kó tó dé orí àtẹ, ẹ̀dà tí kò tíì parí ni olùyẹ̀wò sì máa ń rí lò nígbà mìíràn. Owó ìpolówó tó ń gbé magasíìnì ró, ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń yẹ ọjà wọn wò ló ti ń wá. Ti magasíìnì Nintendo Power, tó jáde ní 1988, ò tiẹ̀ ní àbòsí nínú: Nintendo tó ń ṣe géèmù fúnra rẹ̀ ló ni ín.

1996 ni GameSpot àti IGN, ìkànnì méjì tó ń yẹ géèmù wò, bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ìdúró de ilé ìtẹ̀wé ṣe parí nìyẹn. Eré sísá ló rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé àyẹ̀wò jáde ló ń rí èrò. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe géèmù wá fi ìjánu sí i. Wọ́n á fi kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí géèmù ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò kí géèmù tó dé ọjà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, òun náà á sì gbà pé òun ò ní sọ̀rọ̀ títí di wákàtí kan pàtó. Ìwé àdéhùn náà lè sọ apá ibi tí kò gbọ́dọ̀ tú síta àti fídíò tó lè fi hàn. Ẹni tó bá dà á, ó lè má rí kóòdù gbà mọ́. Tí géèmù bá gba ọgọ́ta wákàtí, tí kóòdù sì dé ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, olùyẹ̀wò ò ní sùn, ó sì lè má débi tí ìtàn ti dojú rú.

Géèmù Cyberpunk 2077 fi bí ìjánu yìí ṣe lè ṣi ènìyàn lọ́nà hàn. Ní oṣù Kejìlá 2020, ẹ̀dà ti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fún àwọn olùyẹ̀wò ṣáájú, wọn ò sì gbà kí wọ́n fi fídíò tí wọ́n yà fúnra wọn hàn. Máàkì gòkè. Ìgbà tí géèmù dé ọwọ́ àwọn tó ń lo PlayStation 4 ni wọ́n rí i pé ó ń dákú, ó ń jí. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tó jáde tí Sony, tó ni PlayStation, fi yọ ọ́ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì di oṣù Kẹfà 2021 kó tó padà síbẹ̀.

Metacritic, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ló sọ máàkì di owó. Ìkànnì yìí ń kó àyẹ̀wò ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìròyìn jọ, ó ń yí gbogbo rẹ̀ sí orí 100, ó sì ń wá ìpíndọ́gba. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún di 80. Ti lẹ́tà ló le: B- di 67, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fún géèmù ní B- lè rò pé òun yìn ín. Iléeṣẹ́ kan sì lè wúwo ju èkejì lọ nínú ìṣirò náà, ṣùgbọ́n Metacritic kì í sọ bí ìwúwo wọn ṣe tó. Ẹ wá wo àwọ̀. Metacritic ń wọn fíìmù náà: fíìmù tó bá gba 61 ti wọ àwọ̀ ewé, tó ń sọ pé ó dáa, ṣùgbọ́n géèmù gbọ́dọ̀ dé 75. Kóńgò méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kan! Ẹni tó bá mọ ọjà mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú: ó dà bíi pé ó kún, àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ ò tó. Máàkì géèmù rí bẹ́ẹ̀. Orí 10 ni wọ́n sọ pé àwọn fi ń wọ̀n, ṣùgbọ́n láti 7 sókè ni ọ̀pọ̀ máàkì máa ń wà, ẹni tó bá sì gba 6, bíi pé ó fìdí rẹmi ni.

Èyí ò bá má ba ẹnikẹ́ni nínú jẹ́ bí kò bá wọ inú àdéhùn iṣẹ́. Iléeṣẹ́ Obsidian ló ṣe géèmù Fallout: New Vegas ní 2010. Chris Avellone, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀, sọ ọ́ síta ní 2012 pé àjẹmọ́nú àwọn wà lórí kí géèmù náà gba 85 ní Metacritic. 84 ló gbà.

Apá ìpolówó náà ò yé fa wàhálà. Ní 2007, olùyẹ̀wò Jeff Gerstmann fún géèmù Kane & Lynch ní 6 ní GameSpot, nígbà tí ìpolówó géèmù náà kún ojú ìkànnì náà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2012, òun fúnra rẹ̀ sọ pé ìhàlẹ̀ àwọn olówó ìpolówó wà níbẹ̀. Ìkànnì Eurogamer ní tirẹ̀ yọ máàkì kúrò pátápátá ní 2015. Ní 2023, ó tún fi ìràwọ̀ márùn-ún dá a padà.

Láti 2013, ẹni tó ra géèmù ní Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè kọ àyẹ̀wò tirẹ̀. Kò sí máàkì níbẹ̀, àtàǹpàkò sókè tàbí àtàǹpàkò nílẹ̀ ni. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ìwọ̀n kà. Tí Steam bá kọ 95%, kò túmọ̀ sí pé géèmù náà gba 95 lórí 100. Ohun tó ń sọ ni pé nínú 100 tó kọ àyẹ̀wò, 95 ní kí ẹlòmíràn rà á. Géèmù tí gbogbo ayé kàn fẹ́ràn níwọ̀nba lè gba 100%, kí èyí tí àwọn kan ń kú lé lórí, tí àwọn kan ò sì fẹ́ rí, dúró sí 60.

Ewu tirẹ̀ ni pé èrò lè kó ara wọn jọ fi àyẹ̀wò burúkú bo géèmù mọ́lẹ̀ nítorí ìjà tí kò kan géèmù náà rárá. Ní 2017, Steam gbé àtẹ kan jáde tó ń fi bí àyẹ̀wò ṣe ń wọlé ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn, kí ènìyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ìkọlù ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2019, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ irú wọn kúrò nínú ìṣirò. Metacritic náà kọ́gbọ́n: lẹ́yìn tí èrò ya bo The Last of Us Part II ní 2020 ní wákàtí díẹ̀ tó jáde, géèmù tí ènìyàn ò lè parí láàárín àkókò yẹn, ó ní kí òǹlò dúró fún wákàtí 36 kó tó lè fún géèmù ní máàkì.

Lórí YouTube, ohùn àti ojú ẹni tó ń gbá géèmù gba ipò máàkì. Mímọ̀ bóyá wọ́n sanwó fún un ló wá ṣòro. Ní 2016, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kan Warner Bros. nítorí fídíò tí ó sanwó fún lórí géèmù rẹ̀, Middle-earth: Shadow of Mordor. Wọ́n kọ ọ́ pé ìpolówó ni, àmọ́ ìsàlẹ̀ àlàyé ni wọ́n kọ ọ́ sí, níbi tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan kó tó rí i.

Lónìí, géèmù ò dúró sójú kan mọ́. Géèmù No Man's Sky já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ ní 2016, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣàtúnṣe rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ní Steam, àyẹ̀wò ọgbọ̀n ọjọ́ tó kẹ́yìn máa ń dúró lọ́tọ̀, ó sì di 2024 kí àpapọ̀ gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ tó dé «Very Positive», ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ yìn ín. Máàkì àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ ìròyìn kọ̀ọ̀kan fún géèmù ni Metacritic ń lò ní tirẹ̀, kì í sì í yí i padà. 61 tí ẹ̀dà kọ̀ǹpútà No Man's Sky gbà ṣì wà níbẹ̀.